Áàpù Bíbélì YouVersion àti ìwé Ìfihàn ní Yorùbá: ibi tó ti wúlò àti ibi tó yẹ ká ti ṣọ́ra

Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ló ń sá fún ìwé Ìfihàn. Wọ́n á ka Sáàmù, wọ́n á ka Òwe, wọ́n á ka Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n tó bá kan Ìfihàn, ẹranko oníwo mẹ́wàá àti nọ́ńbà 666 nìkan ló máa ń kù sí wọn lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀, ìbùkún ni wọ́n fi ṣí ìwé yìí. Orí 1 ẹsẹ 3 ní alábùkún fún ni ẹni tó ń kà á, àti àwọn tó ń gbọ́ ọ tí wọ́n sì ń pa á mọ́. Irú ìbùkún bẹ́ẹ̀ méje ló wà nínú rẹ̀: 1:3, 14:13, 16:15, 19:9, 20:6, 22:7 àti 22:14. Ìbéèrè tí àyẹ̀wò yìí fẹ́ dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé áàpù Bíbélì YouVersion lè ran ẹni tó ń ka Yorùbá lọ́wọ́ láti rí ìrètí nínú àsọtẹ́lẹ̀ ìgbà ìkẹyìn? Ó lè ràn án lọ́wọ́, kódà dáadáa, bí ẹni tó ń lò ó bá mọ ibi tí áàpù náà ti máa ń gé ọ̀rọ̀ sí méjì mọ́ òun lójú.

Life.Church, ìjọ kan ní ìlú Edmond ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní oṣù Keje ọdún 2008. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó ọjà nínú rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Android àti iPhone, ẹni tó bá sì fẹ́ lo kọ̀ǹpútà lè lọ sí bible.com. Ẹ̀dà Yorùbá tó wà nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí àwọn àgbà mọ̀ jù ni Bibeli Mimọ àtijọ́, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821. Ìwé Róòmù tó túmọ̀ jáde lọ́dún 1850, odidi Bíbélì sì jáde lọ́dún 1884. Ìkejì ni Bíbélì Mímọ́ ní Èdè Yorùbá Òde-Òní, tí àjọ atúmọ̀ Bíbélì tó ń jẹ́ Biblica ṣe. Ti àtijọ́ ló wà lẹ́nu àwọn tó ti kọ́ ẹsẹ àkọ́sórí láti kékeré, ṣùgbọ́n “li”, “nyin” àti “yio” tó kún inú rẹ̀ máa ń fa ìkọsẹ̀ fún ọ̀dọ́, àmì ohùn rẹ̀ kò sì pé. Ti òde òní ní àmì ohùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lónìí. Fún ẹni tó ń ka Ìfihàn fún ìgbà àkọ́kọ́, ti òde òní ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Kó fi ti àtijọ́ ṣe ẹlẹ́rìí.

Ètò rẹ̀ kò le. Ṣí áàpù náà, tẹ ibi tí wọ́n ti kọ Bíbélì, kí o tẹ lẹ́tà kékeré tó dúró fún orúkọ ẹ̀dà lókè. Yan èdè, wá Yorùbá, mú ẹ̀dà tí o fẹ́. Bí àmì dáńlóòdù bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dà náà, gbà á sórí fóònù nígbà tí o bá wà níbi tí Wi-Fi wà, kí àìsí dátà má bàa dá ẹ dúró láàárín orí. Lẹ́yìn náà, forúkọ sílẹ̀. Ó ṣe é kà láìforúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ tí o bá fi kun ẹsẹ àti àkọsílẹ̀ tí o bá ṣe kò ní bá ẹ dé orí fóònù tuntun bí o kò bá ní àkáǹtì. Iṣẹ́ inú Ìfihàn pọ̀ jù láti pàdánù báyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Orí kan ṣoṣo ni áàpù yìí máa ń gbé síwájú ẹni lẹ́ẹ̀kan. Tí o bá dé ìparí, àfi kí o fi ìka fà á kí orí tó kàn tó wọlé. Ní ọ̀pọ̀ ìwé Bíbélì, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ní Ìfihàn, ibẹ̀ gan-an ni ìbẹ̀rù ti ń wọlé. Jòhánù, ẹni tó kọ Ìfihàn, kò pín ìwé rẹ̀ sí orí. Stephen Langton, tó di Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Canterbury, ni wọ́n mọ̀ mọ pípín Bíbélì sí orí tí à ń lò, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá. Robert Estienne ló pín Májẹ̀mú Tuntun sí ẹsẹ lọ́dún 1551. Níbi mẹ́ta, ó kéré tán, ìpín yẹn já ìrètí kúrò lára ìpọ́njú tó jẹ́ ìdáhùn fún.

Wo orí 13. Ó parí sórí 666. Ẹni tó bá pa fóònù dé níbẹ̀ ti gbé nọ́ńbà ẹranko lọ sùn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ tó tẹ̀lé e gan-an, 14:1, ni ibi tí Jòhánù ti rí Ọ̀dọ́-Àgùntàn lórí òkè Síónì, pẹ̀lú 144,000 ènìyàn tí a kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ Baba rẹ̀ sí iwájú orí wọn. Ọ̀rọ̀ kan ni: ẹranko ní àmì tirẹ̀, Ọlọ́run náà ní tirẹ̀, iwájú orí kan náà ni méjèèjì ń bá wí. Ẹni tó ka àmì àkọ́kọ́ tí kò ka èkejì kò tíì gbọ́ ohun tí wòlíì náà wí. Nítorí náà, ka 13:1 títí dé 14:5 ní ìjókòó kan. Orí 6 náà rí bẹ́ẹ̀: ó parí pẹ̀lú ìbéèrè nípa ọjọ́ ìbínú, “ta ni ó lè dúró?” Orí 7 ló dá a lóhùn. Ní 7:9, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, láti inú gbogbo orílẹ̀-èdè àti èdè, ń dúró níwájú ìtẹ́, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n mú imọ̀ ọ̀pẹ dání. Bákan náà, orí 18 kún fún ẹkún àwọn ọba àti àwọn oníṣòwò lórí Bábílónì, “Halelúyà” sì ni wọ́n fi ṣí orí 19. Ohun tí olùlò lè ṣe sí i kò ju pé kó máa fà á sọ́dọ̀ orí tó kàn kó tó gbé fóònù sílẹ̀. Mo fẹ́ràn áàpù yìí, ṣùgbọ́n lórí kókó yìí, Bíbélì ìwé tó la ojú ìwé méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà dára jù ú lọ.

Ibi tí áàpù ti borí ìwé ni àwọ̀ àti àkọsílẹ̀. Tẹ ẹsẹ kan, àwọn àwọ̀ á jáde nísàlẹ̀. Má ṣe fi àwọ̀ kan náà kun gbogbo nǹkan. Yan mẹ́ta, kí o sì jẹ́ kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ kan náà títí ìwé á fi parí. Kí ọ̀kan jẹ́ fún ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ ìtẹ́ tàbí Ọ̀dọ́-Àgùntàn. Kí ìkejì jẹ́ fún ìlérí. Ìkẹta ni mo kà sí pàtàkì jù: fi kun gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dá iye àkókò fún ohun búburú. Ìjọ Símínà yóò ní ìpọ́njú fún ọjọ́ mẹ́wàá (2:10). Àwọn eéṣú ń dá ènìyàn lóró fún oṣù márùn-ún (9:5). Ẹranko ní àṣẹ fún oṣù 42 (13:5). Àwọn ọba mẹ́wàá gba àṣẹ fún wákàtí kan (17:12), Bábílónì sì ṣubú ní wákàtí kan, ọ̀rọ̀ tí orí 18 tún sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èṣù fúnra rẹ̀ ń bínú nítorí ó mọ̀ pé ìgbà kúkúrú ni òun ní (12:12). Ní òdìkejì, àwọn ẹni mímọ́ jọba fún ẹgbẹ̀rún ọdún ní orí 20, àti láé àti láéláé ní 22:5. Tí o bá fi ìka fà á láti orí 2 lọ sí 22, àwọ̀ yẹn á hàn sí ẹ kedere: gbogbo ohun tó ń dẹ́rù bani ni wọ́n wọ̀n, kò sì sí èyí tí òṣùwọ̀n rẹ̀ pọ̀.

Oṣù 42 yẹn máa ń da àwọn olùkàwé láàmú, nítorí wọ́n rò pé àkókò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọjọ́ 1,260 wà ní 11:3 àti 12:6; “ìgbà kan, àwọn ìgbà àti ìdajì ìgbà” wà ní 12:14. Oṣù ọlọ́jọ́ 30 lọ́nà 42 jẹ́ ọjọ́ 1,260, èyí tó jẹ́ ọdún mẹ́ta ààbọ̀. Ìgbà kan, ìgbà méjì àti ààbọ̀ náà jẹ́ mẹ́ta ààbọ̀. Dáníẹ́lì 7:25 àti 12:7 ni ó ti wá. Ìdajì méje ni: ìjọba ibi kò dé ìpé. Àwọn ìjọ kò fẹnu kò lórí bóyá ọdún gidi ni tàbí àpẹẹrẹ. Níbi méjèèjì, ó lópin, kò sì sí ẹni tó ń jiyàn ìyẹn.

Ní orí 13 yìí kan náà, wo iye ìgbà tí wọ́n sọ pé “a fi fún un” nípa ẹranko náà: a fún un ní ẹnu, a fún un ní àṣẹ, a fún un láti bá àwọn ẹni mímọ́ jagun. Àṣẹ tí wọ́n yá a ni, ẹni tó yá a sì lè gbà á padà. Fi sínú àkọsílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 13:5 pé kí o lọ ka Dáníẹ́lì 7. Níbẹ̀, kìnnìún, béárì àti àmọ̀tẹ́kùn, àti ẹranko kẹrin tó ní ìwo mẹ́wàá, jáde láti inú òkun lọ́kọ̀ọ̀kan. Jòhánù kó gbogbo wọn pọ̀ sára ẹranko kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n Dáníẹ́lì ti rí òpin wọn: ìdájọ́ jókòó, wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ ẹranko, wọ́n sì fi fún àwọn ènìyàn mímọ́ ti Ọ̀gá Ògo (7:26-27).

Èyí ló gbé wa dé iṣẹ́ tí ẹni tó bá fẹ́ rí ìrètí nínú Ìfihàn kò gbọ́dọ̀ fò. Jòhánù kì í sábà sọ pé “gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́”, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn wòlíì àtijọ́ ló fi hun gbogbo ìwé rẹ̀. Ìtọ́kasí wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ orí nínú ẹ̀dà òde òní, ṣùgbọ́n wọn kò tó, àwọn tó sì wà kéré lójú fóònù tó jẹ́ pé ojú tó ti di àgbà lè fò wọ́n. Nítorí náà, fọwọ́ ara rẹ kọ àwọn tó ṣe kókó sínú àkọsílẹ̀. Fún 1:7, kọ Dáníẹ́lì 7:13 àti Sekaráyà 12:10. Fún 5:5, kọ Jẹ́nẹ́sísì 49:9 àti Aísáyà 11:1. Fún 5:6, kọ Aísáyà 53:7. Fún 7:16-17, kọ Aísáyà 49:10. Fún 21:1, kọ Aísáyà 65:17. Fún 21:3, kọ Léfítíkù 26:11-12 àti Ìsíkíẹ́lì 37:27. Fún 22:2, kọ Ìsíkíẹ́lì 47:12, níbi tí igi etí odò ti ń so èso lóṣooṣù tí ewé rẹ̀ sì jẹ́ fún ìwòsàn.

Dúró lórí 21:4 díẹ̀. Ẹsẹ tí wọ́n ń kà níbi ìsìnkú ni, ọ̀pọ̀ ló sì mọ̀ ọ́n sórí nínú ẹ̀dà àtijọ́: “Ọlọrun yio si nù omije gbogbo nù kuro li oju wọn.” Àkọsílẹ̀ tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Aísáyà 25:8. Lọ ka ibẹ̀ láti ẹsẹ 6. Àsè ni Olúwa ń sè lórí òkè fún gbogbo ènìyàn, oúnjẹ ọlọ́ràá àti wáìnì tó ti silẹ̀, ó gbé ikú mì, kí ó tó wá nu omijé. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ tó ka méjèèjì pọ̀ á rí i pé ìtùnú náà ní tábìlì, ó ní oúnjẹ, ó sì ní àlejò láti gbogbo orílẹ̀-èdè. Kò sí ohun tí áàpù yìí fún wa tó níyì tó kí ènìyàn lè fo láti Ìfihàn sí Aísáyà kó sì padà láàárín ìṣẹ́jú kan.

“Compare” ni irinṣẹ́ mìíràn tó yẹ kí ẹ lò. Tẹ ẹsẹ kan, yan án, áàpù á to ẹ̀dà oríṣiríṣi sábẹ́ ara wọn. Ó wúlò jù níbi tí àwọn ìwé àfọwọ́kọ ìgbàanì kò ti bára mu. Àpẹẹrẹ gidi kan ni 22:14: àwọn kan kà á pé alábùkún fún ni àwọn tó ń pa òfin rẹ̀ mọ́, àwọn mìíràn kà á pé àwọn tó ń fọ aṣọ wọn. Ẹni tí kò mọ èyí lè rò pé ẹnìkan ti yí Bíbélì padà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, 7:14 ló tú u: àwọn tó fọ aṣọ wọn fọ̀ ọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ Ọ̀dọ́-Àgùntàn. Má sì ṣe lo Compare lórí gbogbo ẹsẹ, torí ó máa ń sọ kíkà di ìwádìí, ìwé tí wọ́n kọ fún etí ìjọ á wá di ìwé òfin.

Ní ti wíwá ọ̀rọ̀, kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí ó ṣe wà nínú ẹ̀dà tí o ń lò, pẹ̀lú àmì rẹ̀. Kíbọọ̀dù Yorùbá tó wà nínú Gboard lè tẹ̀ ẹ́. Wá “Ọ̀dọ́-Àgùntàn” kí o sì fi mọ sí Ìfihàn. Nínú èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ọ́, ìgbà 28 ni Jòhánù fi orúkọ yẹn pe Jésù. Ẹranko ni gbogbo ènìyàn ń wàásù lé lórí, ṣùgbọ́n ìwé Ọ̀dọ́-Àgùntàn ni.

Ibi tí mo ti máa bẹ̀ ẹ́ pé kí o ṣọ́ra jù ni àwọn ètò kíkà àti àwòrán ẹsẹ. Ètò kíkà lórí ìgbà ìkẹyìn pọ̀ nínú áàpù yìí, èyí tó pọ̀ jù sì jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò dọ́gba. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, ṣí i wo àwọn ibi tí wọ́n ní kí o kà lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ kan níhìn-ín, ẹsẹ kan lọ́hùn-ún, tí kò sí odidi orí kan, fi í sílẹ̀. Bí ó bá dá ọjọ́ tàbí ọdún fún ìpadàbọ̀ Jésù, sá fún un pátápátá. Àwọn ọmọlẹ́yìn William Miller ní Amẹ́ríkà dá 22 Oṣù Kẹwàá 1844. Harold Camping, oníwàásù orí rédíò ní Amẹ́ríkà, dá 21 Oṣù Karùn-ún 2011. Ọjọ́ méjèèjì kọjá, ó sì ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn jẹ́. Mátíù 24:36 àti Ìṣe 1:7 ti ilẹ̀kùn yẹn. Àwòrán ẹsẹ náà, èyí tí à ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, máa ń ya ẹsẹ kúrò nílé rẹ̀. Lọ́dún 2020, ọ̀rọ̀ 5G àti abẹ́rẹ́ àjẹsára mú kí 13:16-17, ọ̀rọ̀ àmì ẹranko, máa fò káàkiri lórí fóònù, ìwọ̀nba ènìyàn ló sì fi 14:1 ránṣẹ́ tẹ̀ lé e. Bí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́, fi méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀.

Fún ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì tàbí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ọ̀nà tí mo bá yín fọwọ́ sí nìyí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí 13. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 1 Tẹsalóníkà 4:13-18, torí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ òkú wọn ni Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí, ó sì parí rẹ̀ pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tu ara wọn nínú. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú Mátíù 24, kí ẹ sì má fò ẹsẹ 6, níbi tí Jésù ti ní kí wọ́n má jáyà nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ìró ogun. Lẹ́yìn náà Dáníẹ́lì 7. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó wọ Ìfihàn, orí 1 sí 3, sí ìjọ méje tó wà ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí. Orí 4 àti 5 ni kí ẹ kà pọ̀ láìdúró. Ẹni tí kò bá tíì rí ìtẹ́ náà àti Ọ̀dọ́-Àgùntàn tó dúró bí ẹni tí a ti pa kò tíì lè ka èdìdì, kàkàkí àti àwo ìbínú láìbẹ̀rù. Ẹ so 6 pọ̀ mọ́ 7, 13 mọ́ 14, 18 mọ́ 19. Ẹ fún 21 àti 22 ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ kà á sókè. Bí ìwé náà ṣe fẹ́ nìyẹn: ẹni kan ń kà, àwọn yòókù ń gbọ́. Àmì ohùn inú ẹ̀dà òde òní ń ṣe ọ̀dọ́ tó ń kàwé láǹfààní gan-an, nítorí kò ní máa dúró wo bóyá “ogun” ni tàbí “ògùn”. Bí àmì gbohùngbohùn bá wà lókè ẹ̀dà tí ẹ yàn, áàpù lè kà á fún yín. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀dà ló ní in. Ẹ pa ohùn WhatsApp àti àwọn ìkìlọ̀ yòókù lórí fóònù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Kò sí àlàyé nínú ẹ̀dà Yorùbá wọ̀nyí, nítorí náà áàpù náà kò ní sọ fún ẹ pé ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé 666 jẹ́ àròpọ̀ lẹ́tà orúkọ Késárì Nérò ní èdè Hébérù, tàbí pé ìwé àfọwọ́kọ díẹ̀ ka 616. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ ló máa fi èyí kún un. Mo fún áàpù náà ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìkan tó kù, pípín orí ló gbà á. Fún àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, tẹ àmì lẹ́tà lókè kí o sì sọ lẹ́tà di ńlá. Bí ìyẹn kò bá tó, ra Bíbélì onílẹ́tà ńlá fún un, kí o sì fi pẹ́ńsùlù kọ àwọn ìtọ́kasí Aísáyà àti Dáníẹ́lì wọ̀nyẹn sí ẹ̀gbẹ́ Ìfihàn kó tó gbà á lọ́wọ́ rẹ.